Ohun Tí Omi Kò Rí Gbé Lọ

Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù nínú ilé wa lẹ́yìn Omíyalé. Fọ́tò bàbá àgbà ni. Òun nìkan ló wà lókè, lẹ́bàá àjà, níbi tí bàbá mi gbé e kọ́ sí, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ wò ó ní láti gbé ojú sókè. Gbogbo ìyókù wà nísàlẹ̀: álíbọ́ọ̀mù mẹ́rin nínú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ tẹlifíṣọ̀n, àti àpò ìwé kan tí négátíìfù kún inú rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ni Omíyalé dé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Odò Ògùnpa kún, ó ya wọ ìgboro Ìbàdàn, ó gbé ọkọ̀, ó wó ilé, ó pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. A dúpẹ́ pé kò mú ẹnì kankan lọ nínú ilé wa ní Òkè-Àdó. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi fà, tí ìyá mi ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, ẹrẹ̀ ló bá níbẹ̀. Ó fa álíbọ́ọ̀mù kan yọ, ó ṣí i, gbogbo ojú tó wà nínú rẹ̀ ti yọ́ mọ́ra wọn. Ìyá mi kò sunkún nígbà tí omi gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ. Orí àtẹ̀gùn ló jókòó sí lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú álíbọ́ọ̀mù lórí itan, ó sunkún.

Bí a ṣe tún di alálíbọ́ọ̀mù lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ sọ. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá lọ sílé fọ́tò kì í wáàṣì ẹyọ kan. Á wáàṣì márùn-ún, á wáàṣì mẹ́fà. Ọ̀kan á lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí ìyàwó, ọ̀kan á lọ bá ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, ọ̀kan á wọnú lẹ́tà lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tó wà l'Ékòó. Wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn rẹ̀: fún ìrántí mi, èmi lágbájá, ọjọ́ báyìí, oṣù báyìí. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní ìtọ́jú. Ìfẹ́ ni, pẹ̀lú fáàrí díẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ìròyìn kàn pé omi ti kó fọ́tò ilé wa lọ, àwọn fọ́tò tí wọ́n ti fi tọrẹ bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Ìyá Mọ́kọ́lá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ló kọ́kọ́ dé, ó gbé agolo bisikíìtì kan tó kún dẹ́nu. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan fi méje rán dírẹ́bà láti Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba Benin ń pè ní Porto-Novo. Àwọn ará Abẹ́òkúta kó tiwọn wá nígbà tí a pàdé níbi òkú kan. Nígbà tí yóò fi di Kérésìmesì ọdún 1981, ìyá mi ti ra álíbọ́ọ̀mù tuntun, ó sì ti kún dé ìdajì. Kò sí ẹyọ kan nínú rẹ̀ tí àwa fúnra wa tọ́jú. Èyí tí a ti fún èèyàn ni gbogbo rẹ̀.

Mi ò yéé ronú sí i láti ìgbà náà, pàápàá nísinsìnyí tí gbogbo ilé ti di ilé onífọ́tò. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní fọ́tò tó lé ní 20,000 nínú fóònù rẹ̀. Ìṣúra ni, mi ò jiyàn. Àmọ́ ojú kan ṣoṣo ni gbogbo ìṣúra ọ̀hún wà, ìyẹn nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀.

Ní ọdún tí ìyá mi pé ọgọ́rin, àbúrò mi ọkùnrin ló ya gbogbo fọ́tò ọjọ́ ìbí náà. Ó mú díẹ̀ nínú rẹ̀ sọ sórí WhatsApp ẹbí, gbogbo wa kí i kú iṣẹ́, a sì gbàgbé. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n já fóònù ọ̀hún gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìwó Road. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Màmá papò dà. Ẹni tó bá ti ṣe òkú àgbà rí mọ̀ pé kí a tó dúnàádúrà màlúù, fọ́tò la kọ́kọ́ ń wá: èyí tó máa wà lára pósítà, èyí tó máa wà níwájú ìwé ètò ìsìn, èyí tí a máa gbé ka orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó. Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Fọ́tò lère tiwa lóde òní. Gbogbo wa la sì mọ èyí tí a fẹ́ lò: Màmá nínú gèlè elésè àlùkò, ó ń rẹ́rìn-ín, èjí rẹ̀ hàn kedere. Ó ṣì wà lórí WhatsApp. A gbé e lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Ọmọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà fẹ̀ ẹ́, ó tún un fẹ̀, ó mi orí. Ojú ìyá mi ti di igun-igun bí ẹní tí a hun. A lò ó bẹ́ẹ̀, torí kò sí òmíràn.

Ohun tó fà á kò le. Fọ́tò tí ọ̀pọ̀ fóònù ìwòyí ń yà máa ń ní nǹkan bí 4,000 píksẹ́ẹ̀lì ní gígùn àti 3,000 ní ìbú. Tí a bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é, yóò fún un pọ̀ kó má baà jẹ dátà púpọ̀, gígùn rẹ̀ á sì wálẹ̀ sí nǹkan bí 1,600. Lójú fóònù, kò sẹ́ni tó máa fura. Lára pósítà, gbogbo ayé á rí i. Ọjọ́ àti aago tí a ya fọ́tò náà, tó fara pamọ́ sínú fáìlì rẹ̀, á tún já bọ́ lójú ọ̀nà. Láti ọdún 2023 ni wọ́n ti fi ibi tí a ti lè yan HD sí i, ó sì sàn díẹ̀. Èyí tó dára jù ni kí a fi fọ́tò ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí dọ́kúmẹ́ǹtì, bí ìgbà tí a bá ń fi lẹ́tà ilé ìwé ránṣẹ́. Bó ṣe kúrò lọ́dọ̀ wa ló máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà á.

Fọ́tò tí ìyá mi fún Ìyá Mọ́kọ́lá bá èyí tó wà nílé wa dọ́gba, orúkọ àti ọjọ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Èérún la wá ń fún ara wa báyìí. Ọgọ́rùn-ún èèyàn lè ní èérún kan náà lọ́wọ́, kó má sì sí ẹyọ kan tó pé nínú rẹ̀.

Àwọn tó ń fi fọ́tò jẹun ní ìlànà kan tí Peter Krogh, onífọ́tò ará Amẹ́ríkà, sọ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan nínú wọn wà níbòmíràn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á, agolo bisikíìtì Ìyá Mọ́kọ́lá ló sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ̀dà kan ní Òkè-Àdó, ọ̀kan ní Mọ́kọ́lá lórí òkè, ọ̀kan ní Àjàṣẹ́ níbi tí òjò Ìbàdàn kò lè dé. Àwọn èèyàn wa ti ń ṣe é kí kọ̀ǹpútà tó dé ilé ẹnikẹ́ni. Nílé mi lónìí, ẹ̀dà kan wà lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan wà lórí hard drive lọ́wọ́ àbúrò mi obìnrin ní Ìlọrin, ọ̀kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo máa ń ṣí hard drive náà wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, torí ohun èlò tí a kò bá tan iná sí fún ìgbà pípẹ́ lè kú síbi tó wà.

Èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan kò tó gbójú lé. Ní ọdún 2019, MySpace, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ayé kó fọ́tò sí nígbà kan, sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé fọ́tò, fídíò àti orin tí wọ́n ti kó síbẹ̀ láti ohun tó lé ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ti ṣòfò nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù láti orí ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Google Photos bẹ̀rẹ̀ ní 2015 pẹ̀lú àyè ọ̀fẹ́ tí kò lópin. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà 2021, ọ̀fẹ́ náà dópin, gbogbo ohun tí èèyàn bá tún kó síbẹ̀ ń jẹ lára 15 GB tí Google fún un. Láti oṣù Kejìlá 2023 ni Google sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn fún ọdún méjì rẹ́. Ẹ ro ti bàbá tó kú, tí ọmọ rẹ̀ kankan kò mọ páásìwọ́ọ̀dù rẹ̀. Google ní ibi tí èèyàn ti lè yan ẹni tí fọ́tò àti lẹ́tà rẹ̀ máa bọ́ sí lọ́wọ́ tí òun ò bá sí mọ́. Apple náà ti ní tirẹ̀ láti 2021. Mo jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi olófọ́tò ẹgbàá mẹ́wàá, kò gbà wá ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ó ní, "Àbí ìwé ìhágún la ń kọ yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú Màmá ni mo ra scanner kékeré kan, mo sì kó gbogbo fọ́tò ìwé tó wà nílé lọ bá Ìyá Mọ́kọ́lá. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n nígbà náà, ojú wọn ṣì ríran dáadáa, ọkàn wọn sì mú ju tèmi lọ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́kànlá gbáko la fi ṣe é. Èmi á máa gbé fọ́tò sórí ẹ̀rọ, wọ́n á máa sọ̀rọ̀, fóònù mi á máa gba ohùn wọn sílẹ̀.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ ló rọrùn jù nínú rẹ̀. 600 dpi tó fún ọ̀pọ̀ fọ́tò. Èyí tó bá kéré bíi ti páásípọ́ọ̀tù, mo ń gbé e dé 1,200. Àwọn álíbọ́ọ̀mù olójú ọ̀rá, tí gọ́ọ̀mù wà lójú ewé wọn, ló fún wa níṣẹ́. Gọ́ọ̀mù náà ti mú fọ́tò lẹ́yìn pinpin, ẹni tó bá sì fi ipá fà á yóò ya á. Ńṣe la kọ́kọ́ ya fọ́tò ewé náà lódindi bó ṣe wà, ká tó fi òwú tín-ín-rín kọjá lábẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀. Èyí tó ti lẹ̀ mọ́ díńgí férémù, a ò tú u rárá. Inú díńgí rẹ̀ la ti yà á. Ohun kan yà mí lẹ́nu: fọ́tò dúdú-àti-funfun àwọn ọdún 1950 ṣì dúró ṣinṣin, àmọ́ àwọn aláwọ̀ tí a yà ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn wọn ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Àwọ̀ tó sún mọ́ búlúù nínú wọn ló kọ́kọ́ ń kú, pupa á wá ṣẹ́ kù. Èyí tí ọmọdé ń rò pé ó tuntun jù ni ọwọ́ wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yá sí.

A sì ń ya ẹ̀yìn fọ́tò pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe é, ó sì ń dùn mí, torí ẹ̀yìn lọ̀rọ̀ wà. Ibẹ̀ ni òǹtẹ̀ ilé fọ́tò wà, ibẹ̀ ni ọwọ́ ìkọ̀wé ẹni tó ti kú wà. Lẹ́yìn fọ́tò kan, bàbá mi, tí mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, kọ ìlà mẹ́rin sí ìyá mi. Ìyá Mọ́kọ́lá kà á, wọ́n dá a padà fún mi, wọ́n ní, "Gbé e pamọ́ dáadáa. Bàbá rẹ ń tijú."

Kò sí ọdún onínọ́ńbà lẹ́nu wọn. Wọ́n á ní, "Ọdún tí ilé ìwé di ọ̀fẹ́ ni èyí," èmi á kọ 1955. "Ìgbà tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá la rán aṣọ yẹn," 1956. "Wọn ò tíì yí owó padà," ó ti ṣáájú 1973 nìyẹn, nígbà tí náírà dé. "Ọkọ̀ ṣì ń gba apá òsì," ó ti ṣáájú oṣù Kẹrin 1972. Fọ́tò kan rú gbogbo wa lójú títí ọmọ mi fi tọ́ka sí ilé gíga kan tó yọ lẹ́yìn àwọn èèyàn inú rẹ̀. Cocoa House ní Dùgbẹ̀ ni, tí wọ́n kọ́ parí ní 1965. Ìyá Mọ́kọ́lá pa àtẹ́wọ́ fún un.

A dé orí fọ́tò kan nínú agolo bisikíìtì yẹn: ọmọkùnrin méjì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, aṣọ kan náà, bàtà kan náà, ojú kan náà. Ọmọ mi wò ó fínnífínní, ó ní, "Màmá, ẹnì kan náà ni wọ́n yà lẹ́ẹ̀mejì." Òótọ́ ló sọ. Ìyá Mọ́kọ́lá ní, "Táyé àti Kẹ́hìndé ni." Kẹ́hìndé kú kí wọ́n tó jọ ya fọ́tò, onífọ́tò gbé Táyé jókòó sápá kan, ó yà á, ó gbé e sápá kejì, ó tún un yà, ó wá tẹ méjèèjì pọ̀ sórí ìwé kan. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ àwọn onífọ́tò ní Ìlá Ọ̀ràngún, kọ nípa irú fọ́tò ìbejì báyìí nínú ìwé ìròyìn African Arts lọ́dún 1978. Ó ṣàlàyé pé bí ìbejì bá jẹ́ akọ àti abo, wọ́n lè wọ aṣọ méjèèjì fún èyí tó kù láàyè ní ìkọ̀ọ̀kan kí àwòrán lè pé. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ òyìnbó ṣe iṣẹ́ tí ère ìbejì ń ṣe. Ọ̀pọ̀ fóònù ló máa ń wá fọ́tò tó jọra, tí á ní kí a pa ọ̀kan rẹ́ kí àyè lè wà. Ta ló máa sọ fún fóònù pé èèyàn méjì nìyẹn?

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí fọ́tò bàbá àgbà, èyí tí omi kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Houston. Ó fi ìfẹ́ gbé e wọ inú áàpù kan tó ń tún fọ́tò àtijọ́ ṣe, tó sì ń fi àwọ̀ sí i. Ó dán gbinrin nígbà tó padà dé. Gbogbo WhatsApp ẹbí pariwo ayọ̀. Mo gbé e fún Ìyá Mọ́kọ́lá wò, wọ́n wò ó títí, wọ́n bi mí pé, "Ta lèyí?" Áàpù náà ti ka àbàjà ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá àgbà sí fífọ́ tó wà lójú ìwé, ó sì ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó sọ agbádá sányán rẹ̀ di àwọ̀ ewé. Ọmọ náà kò mọ̀, kò rí bàbá àgbà rí. Ojú tó dán yẹn ni ì bá fi han àwọn ọmọ rẹ̀. Mi ò bínú sí i. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, fáìlì tí a kò fọwọ́ kàn kì í kúrò níbi tó wà. Ohun tó bá wu ẹnikẹ́ni, kó ṣe é lára ẹ̀dà, kó sì kọ ọ́ sí orúkọ fáìlì náà pé a ti tún un ṣe.

Ní Àbámẹ́ta karùn-ún, Ìyá Mọ́kọ́lá yọ fọ́tò mẹ́ta sọ́tọ̀, wọ́n dojú wọn délẹ̀. Wọ́n ní, "Àwọn wọ̀nyí ò gbọdọ̀ dé orí fóònù." Ọmọ kékeré kan tí wọ́n tẹ́ síbi ìsìnkú ló wà nínú ọ̀kan. Nínú èkejì, wọ́n ti fi sáàsì gé obìnrin kan kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló kù lórí èjìká ọkùnrin náà. Wọn ò sọ̀rọ̀ ẹ̀kẹta, mi ò sì bèèrè. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé iṣẹ́ méjì la gbé sọ́wọ́, ìtọ́jú àti ìfihàn, tí èmi ti ń pè ní ẹyọ kan. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí n tọ́jú wọn láì fi wọ́n han ẹnikẹ́ni. Wọ́n ronú sí i títí di ọ̀sẹ̀ kejì kí wọ́n tó gbà. Fódà ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà báyìí, tó ní páásìwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Àwa méjì péré la mọ̀ ọ́n, èmi àti àbúrò mi obìnrin.

Tí àwọn òkú bá ní ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn alààyè ńkọ́? Mò ń rí ọmọ tuntun lórí Facebook kí ìkómọ tó pé, mò ń rí ọmọ ilé ìwé nínú yúnífọ́ọ̀mù, orúkọ ilé ìwé hàn láyà rẹ̀. Fáìlì fọ́tò tí kò tíì gba WhatsApp kọjá tún lè gbé ibi tí a ti yà á sínú, dé ojú ilé gan-an. Àwọn oníjìbìtì ń jí fọ́tò ọmọ aláìsàn, wọ́n ń fi tọrọ owó. Òfin ìdáàbòbò dátà tí ààrẹ Nàìjíríà fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà 2023 fún àwọn ọmọ ní ààbò tirẹ̀, àmọ́ òfin kò lè jókòó sórí WhatsApp ẹbí. Ìyá àti bàbá ọmọ la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi. Fún àwọn ará wa tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Houston, mo ṣí álíbọ́ọ̀mù kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ pé ẹni tí a bá pè nìkan ló lè wọlé. Ọmọ ẹbí mẹ́tàdínlógójì ló wà níbẹ̀, a sì mọ gbogbo wọn lórúkọ.

Òǹtẹ̀ kan náà wà lẹ́yìn fọ́tò mọ́kàndínlógún nínú agolo náà, ti ilé fọ́tò kan nítòsí Gbági. Mo lọ síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó ń ta kéèsì fóònù ló wà níbẹ̀ báyìí. Ọmọ onífọ́tò náà ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní àpótí négátíìfù bàbá òun pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn fi dáná sun ún nígbà tí àwọn ń tún ilé ṣe. Kò rí i bí ohun burúkú, ta ló sì wá bèèrè rẹ̀ rí? Mo dúró níbẹ̀, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Ọdún méló ni gbogbo Ìbàdàn fi wọ aṣọ tó dára jù, tí wọ́n lọ jókòó síwájú bàbá yẹn, ọwọ́ lórí orúnkún, ojú gbọọrọ!

L'Ékòó, Karl Ohiri àti Riikka Kassinen rí irú òfò bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dìde sí i. Lagos Studio Archives ni wọ́n pe iṣẹ́ wọn. Ọ̀dọ̀ àwọn onífọ́tò àtijọ́ ni wọ́n ń lọ, wọ́n ń gba négátíìfù tí wọ́n ń kó dànù sílẹ̀, wọ́n sì ń sọ wọ́n di fáìlì. Nípasẹ̀ wọn ni ayé fi tún mọ Abi Morocco Photos, iṣẹ́ tọkọtaya John àti Fúnmiláyọ̀ Abe ní òpópónà Àìná, Ṣógunlé, láti àwọn ọdún 1970 títí di 2006. Ní ìparí ọdún 2024, wọ́n ṣàfihàn fọ́tò wọn ní gbọ̀ngán Autograph ní Lọ́ńdọ̀nù: àwọn ará Èkó lórí ọ̀kadà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, nínú àǹkárá, tí wọ́n ń wo kámẹ́rà bí ẹni tó mọ iyì ara rẹ̀. Ọmọ ẹnì kan ni gbogbo wọn. Mo ń rò ó pé ibìkan wà ní Ìsọlọ̀ tàbí Muṣin tí ọmọ ń gbé tí kò ní fọ́tò ìyá rẹ̀, tí fọ́tò náà sì wà lára ògiri ní Lọ́ńdọ̀nù.

Omi tún padà wá sí Ìbàdàn, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011. Ọdún yẹn kan náà, ní oṣù Kẹta, ni òkun ya wọ ìlà-oòrùn Japan. Ní ìlú kékeré Yamamoto níbẹ̀, àwọn olùfara-ẹni-jìn kó nǹkan bí 750,000 fọ́tò jọ láti inú ẹrẹ̀, wọ́n fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sá wọn, wọ́n sì tún ya ọ̀kọ̀ọ̀kan kí àwọn tó ni wọ́n lè wá wò ó. Àṣé fọ́tò tó bọ́ sómi kì í ṣe òkú. Omi tútù tó mọ́ ni kí a fi ṣàn án, ká má fi ọwọ́ ra ojú rẹ̀, ká tẹ́ ẹ sí ibòji lọ́kọ̀ọ̀kan, ká má sì jẹ́ kí wọ́n gbẹ mọ́ra wọn. Inú oòrùn ni ìyá mi sá álíbọ́ọ̀mù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ní 1980, ní pípadé. Wọ́n gbẹ bíi bíríkì. Kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Nígbà tí a parí iṣẹ́, fọ́tò 612 la ní. Èèyàn kan péré ni Ìyá Mọ́kọ́lá kò mọ̀ nínú gbogbo rẹ̀: obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dúró ti ìyá mi níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ, tépù ìwọnṣọ lọ́rùn rẹ̀. Ó dùn wọ́n. Wọ́n ní kí n má tíì pa iná ẹ̀rọ, wọ́n tún un wò. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé: obìnrin pẹ̀lú Màmá, a kò mọ̀ ọ́n.

Mo wá ṣe ohun tí ìyá mi ì bá ṣe. Mo yan ọgọ́rin nínú àwọn fọ́tò náà, mo kọ orúkọ àti ìtàn sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì ohùn tó pé, mo sì tẹ ìwé mẹ́fà jáde lórí ìwé tó nípọn. Fláàṣì tí fáìlì rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ní kíkún ni mo fi sí ẹ̀yìn ìwé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan lọ sí Houston, ọ̀kan sí Peckham, ọ̀kan sí Ìlọrin, ọ̀kan sí Abẹ́òkúta, ọ̀kan wà ní Mọ́kọ́lá. Ẹ̀kẹfà, mo fi rán dírẹ́bà sí Àjàṣẹ́, sí ilé ọ̀rẹ́ bàbá mi tó ti di olóògbé tipẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, fóònù mi dún ní òwúrọ̀ kùtù. Obìnrin kan ni, Yorùbá rẹ̀ kún fún Faransé. Ó ní ìyá òun ló gbé tépù sọ́rùn yẹn. Àbúrò ọ̀rẹ́ bàbá mi ni, wọ́n rán an wá sí Ìbàdàn fún oṣù mẹ́fà kó wá kọ́ṣẹ́ aṣọ lọ́wọ́ ìyá mi. Mo ní kó dúró, kí n mú bírò. Ó pe orúkọ ìyá rẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì, ó fi oríkì kún un. Ó ní fọ́tò kan wà lọ́dọ̀ àwọn tí òun rò pé a kò ní. Mo ní kó fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, kó ya ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ wọlé. Ọwọ́ ìyá mi ni, lẹ́tà gbọọrọ tó dà bí ìlà ọ̀nà abẹ́rẹ́: fún ìrántí mi, Òkè-Àdó, oṣù Karùn-ún 1980. Lẹ́yìn náà ni ojú fọ́tò ṣí. Ìyá mi jókòó nínú pálọ̀ wa, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó ń rẹ́rìn-ín. Tẹlifíṣọ̀n wà lẹ́yìn rẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ díẹ̀, èèyàn sì lè rí etí álíbọ́ọ̀mù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níbi tí wọ́n tò sí.